Ẹ bèèrè owó tónà kẹ́ ẹ tó bèèrè owó príńtà

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra príńtà lésà tó ń tẹ kálà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi wọ́n pé èló ni príńtà. Èló ni tónà ẹ̀, ìyẹn páúdà tó fi ń tẹ̀wé, lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè, kì í sì í ṣe ẹyọ kan o, mẹ́rin ni, dúdú, yẹ́lò, cyan tó ń lọ sí búlúù, àti magenta tó fara jọ pínǹkì. Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré kan n'Ìbàdàn, ìwé ìdánwò, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, gbogbo ẹ̀ là ń tẹ̀, owó sì ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ṣé lésà tiẹ̀ lẹ nílò? Príńtà íńkì, omi ló ń lò, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bí oṣù kan láìtẹ nǹkan kan, íńkì yẹn lè gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Páúdà ni tónà ní tiẹ̀, iná ló ń yọ́ ọ mọ́ ìwé, tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ dé, ẹ tàn án, á tẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀ máa ń mú, tómi bá ta sí i kì í ṣàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ fọ́tò lẹ̀ ń tẹ̀ jù, ẹ lọ ra ti íńkì, lésà ò lè bá a du ìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ki pépà fọ́tò tó ń dán, èyí tí wọ́n ṣe fún íńkì, bọ inú lésà láéláé, ara ẹ̀ á yọ́ mọ́ ibi tó ń gbóná nínú lọ́hùn-ún. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ṣe é rí, ọjọ́ yẹn mi ò lè jẹun.

Ó yá, ká ṣírò. Ká ní tónà dúdú jẹ́ ₦60,000, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé 3,000 ojú ìwé ló máa tẹ̀, ₦20 lójú ìwé kan nìyẹn. Kálà mẹ́ta tó kù, ká ní ₦60,000 náà lọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ 2,000 ni wọ́n ń tẹ̀, ₦30 lọ́nà mẹ́ta, ₦90. Ẹ pa á pọ̀, ₦110, a ò tíì ka pépà àti iná mọ́ ọn. Wàyí o, príńtà kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó fi ₦100,000 dín sí ti àkọ́kọ́, inú yín ti dùn, àmọ́ tónà tiẹ̀, ₦45,000 ni ìkọ̀ọ̀kan, 1,000 ojú ìwé péré ló sì ń tẹ̀. ₦45 lọ́nà mẹ́rin, ₦180. Ẹ fi ₦70 jù lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó tẹ 1,500, ₦100,000 tẹ́ ẹ rò pé ẹ jèrè ẹ̀ ti wọlé padà sí tónà. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe o, ẹ lọ fi iye ọjà tòní ṣe tiyín.

Iye tí wọ́n kọ sára páálí yẹn náà ní ọgbọ́n nínú. Ìwé tí tónà ò pọ̀ lójú ẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí ìdá 5 nínú 100 ojú ìwé fún kálà kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń tẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Ìwé ìsìnkú Màmá, fọ́tò Màmá pẹ̀lú gèlè ńlá, ẹ̀yìn ẹ̀ pọ́pù láti òkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Tí kálà kan bá bo ìdajì ojú ìwé, tónà 2,000 yẹn di nǹkan bí 200. Àwọn oníṣẹ́ tuntun kì í ka ìyẹn mọ́ owó tí wọ́n ń gbà, wọ́n á wá máa sọ pé tónà náà ò dáa.

Ẹ tún bèèrè bóyá tónà tó bá a wá kún, torí ọ̀pọ̀ príńtà tuntun, tónà kékeré ni wọ́n fi sí i. Ẹ sì bèèrè bóyá ó máa ń gbà láti tẹ dúdú tí yẹ́lò bá tán, àwọn kan máa ní àwọn ò ṣe, tí ìyẹn bá sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ́sítọ́mà dúró níwájú yín, ẹ ò ní gbàgbé.

Tónà tí kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì wà, ó sì dínwó, àmọ́ chip kékeré kan wà lára tónà tí príńtà fi ń mọ̀ bóyá ti kọ́ńpìnnì ni. HP ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní dynamic security, tí update bá wọlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tónà tó ń ṣiṣẹ́ lánàá lè má ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ bi àwọn tó ń ta tónà ní Computer Village n'Íkẹjà pé èwo ni wọ́n ń rí tónà ẹ̀ dáadáa, wọ́n mọ̀ ju ẹni tó ń ta príńtà lọ. Dírọ́ọ̀mù, rólà tó ń gbé tónà lé pépà, òun náà ńkọ́? Ti Brother máa ń dá wà, tónà nìkan lẹ ó máa pààrọ̀, títí dọjọ́ tí dírọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ máa tán, ẹ bèèrè owó ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ HP kékeré, inú tónà ni dírọ́ọ̀mù wà.

Iná wá ni wàhálà gan-an. Ibi tó ń yọ́ páúdà yẹn, fuser ni wọ́n ń pè é, ó lè gbóná tó 200°C, nígbà tó bá sì ń gbóná bọ̀, ó lè fa ju 1,000 watt lọ, ó tún máa ń fà á bó bá jí lójú oorun. I-better-pass-my-neighbour yín ò lè gbé e o, inverter 1kVA náà á máa ké. Ẹ má so ó mọ́ UPS tẹ́ ẹ fi ń lo kọ̀ǹpútà. Ẹ wo watt lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá 110V ni, torí èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, iná wa á jó fuser ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ configuration page fún yín níbẹ̀, iye ìwé tó ti tẹ̀ láyé ẹ̀ wà lórí ẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé 8,000 ni tèmi ti tẹ̀, ó ní kò sí pépà lórí ìsọ̀ ká fi wò ó. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́, 96,000. Ẹ mú pépà tiyín dání. Ẹ tẹ kálà kọ̀ọ̀kan kó kún ojú ìwé, tẹ́ ẹ bá rí ìlà tàbí àbàwọ́n tó ń padà wá ní ìwọ̀n kan náà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìyókù ò le. Wáìfáì dáa torí àwọn tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó lè tẹ ojú méjèèjì fúnra ẹ̀ náà dáa, àmọ́ ẹ má torí pé ó yára nìkan rà á. Tẹ́ ẹ bá máa tẹ káàdì ìpè, ẹ wo gsm tó lè gbà, ìyẹn bí pépà ṣe wúwo tó, pépà lásán 80 ni, káàdì tó nípọn lè kọjá 200. Àti pé, tí kálà tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ ò ju 30 lóṣù, ẹ ra lésà oní-dúdú, kẹ́ ẹ gbé kálà fún ẹni tó bá ń ṣe é. Èmi gan-an ṣì ń gbé iṣẹ́ ńlá lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú l'Ékòó.

Tí tónà bá dà sí yín láṣọ, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, kẹ́ ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, omi gbígbóná á yọ́ ọ mọ́ ọn ni.