Owó Ìwọlé Méjì Ni Mo San Ní Tivoli

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dùn mí jù. Villa d'Este, ilé ńlá kan tó ní ọgbà ìsun omi ní Tivoli, nítòsí Róòmù, ni èmi àti àbúrò mi ń lọ. Villa Adriana la bá ara wa. Villa ni méjèèjì ń jẹ́, Tivoli ni méjèèjì wà. Ẹni tó jókòó tì wá nínú bọ́ọ̀sì ní "Villa, Villa", la bá bọ́ sílẹ̀.

A sanwó, a wọlé, àlàpà la rí: ààfin olú-ọba Hadrian, nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn. Ó tóbi lóòótọ́. Àbúrò mi ṣáà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìsun omi ọ̀hún dà?"

Bọ́ọ̀sì kékeré kan ń gòkè lọ sáàárín ìlú, níbi tí Villa d'Este wà. Ó dé, awakọ̀ ò gbowó. Tíkẹ́ẹ̀tì ló fẹ́. Ibo ni wọ́n ti ń tà á? Ìsọ̀ onísìgá! A débẹ̀, ó ti tilẹ̀kùn, ó ti lọ jẹun ọ̀sán. Mo na owó ẹyọ sí awakọ̀ kejì, ó mirí, ó sì ṣí ọkọ̀ lọ. Mo jókòó sórí òkúta, mo ń ka owó ẹyọ yẹn bí ẹni pé ó máa lé sí i. Wákàtí kan ààbọ̀ gbáko! Onísọ̀ padà dé, ó ń tayín, ó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọgbà náà? Háà. Kádínà Ippolito II d'Este, tó di gómìnà Tivoli ní 1550, ló gbé iṣẹ́ náà fún Pirro Ligorio, ayàwòrán-ilé. Kò sí pọ́ǹpù níbẹ̀: láti odò Aniene ni wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà omi gba abẹ́ ìlú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló ń ti omi jáde. Ní Cento Fontane, ìyẹn Ọgọ́rùn-ún Ìsun, ewé tútù ti hù bo ojú àwọn ère títí ó fi dà bí irùngbọ̀n.

Dùùrù tí omi ń fọn ni mo wá gbọ́. A débẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padé. Nítorí onísìgá! Mo takú síbẹ̀ fún bíi wákàtí méjì títí ó fi tún fọn. Àbúrò mi ti sùn lórí bẹ́ǹṣì. Mi ò kábàámọ̀.

Ibẹ̀ la ti wá gbọ́ pé Ligorio náà walẹ̀ ní àlàpà Hadrian, pé ó kó ère àti òkúta mábù ibẹ̀ gòkè wá. Ọ̀nà kan náà la jọ gbà, àmọ́ òun ò sanwó ìwọlé.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, àárín ìlú lókè ni kẹ́ ẹ bọ́ sí. Ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àbọ̀ kí onísìgá tó lọ jẹun.