Bí mo ṣe pààrọ̀ kírọ́ọ̀sì ṣáfúùtì iwájú Jeep Wrangler ní Àgbádárìgì

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló gbà pé ẹni tí kì í lo fọ́ọ̀-wíìlì (kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fa ọkọ̀) kò lè ba kírọ́ọ̀sì iwájú jẹ́, ìyẹn irin tó rí bí àgbélébùú tó so apá méjì ṣáfúùtì táyà pọ̀, kí ó lè tẹ̀ bí a bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Lára Wrangler TJ (1997 sí 2006), kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ń já ṣáfúùtì iwájú kúrò lára táyà, torí náà bí táyà bá ti ń yí, kírọ́ọ̀sì ń bá a yí ni. Ti ọkọ̀ yìí ń han kín-ín-kín-ín nígbà tí mo bá ń ṣẹ́ kọ́nà, ìyẹ̀fun pupa sì ti yọ létí ife rẹ̀, ìyẹn ìdérí kékeré tó bo orí ẹsẹ̀ kírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ inú ife (irin tín-ín-rín tó ń yí bíi bẹ́árì) tó ti gbẹ tó sì ti dípẹtà ló ń lọ̀ jáde bẹ́ẹ̀.

Spicer 5-760X ni mo rà, èyí tí wọ́n ti dí gírísì mọ́ nínú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oníhò gírísì lọ, torí ihò tí wọ́n lu sínú irin yẹn ń dín agbára rẹ̀ kù.

Táyà ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo yọ pín-ìn-nì tó ń di nọ́ọ̀tì mú, tí mo sì fi sókẹ́ẹ̀tì 36 mm àti páìpù gígùn tú nọ́ọ̀tì ṣáfúùtì. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọkọ̀ sókè, mo gbé e lé irin ìdúró, mo yọ táyà, kálípà àti dísìkì. Wáyà ni mo fi so kálípà kọ́, kó má baà fi rọ́bà bíréèkì rọ̀.

Họ́ọ̀bù, ibi tí a ń de táyà mọ́, ni iṣẹ́ gan-an. Afẹ́fẹ́ òkun tiwa níbí ní iyọ̀ nínú, ìpẹtà sì máa ń mú họ́ọ̀bù lẹ̀ mọ́ ihò rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jó wọn pọ̀. Bóòtù mẹ́ta ló dè é láti ẹ̀yìn, orí wọn jẹ́ 13 mm onígun méjìlá. Ẹ má fi sókẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà dán an wò, kò ní wọ̀ ọ́. Mo fọ́n WD-40 sí i lálẹ́, ó di àárọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo tú bóòtù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ díẹ̀, n kò yọ wọ́n tán, mo fi sókẹ́ẹ̀tì lé orí wọn, mo ń fi òòlù lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan yíká títí họ́ọ̀bù fi jáde lọ́gbọọgba.

Bí mo ṣe ń fa ṣáfúùtì, ọwọ́ kejì ni mo fi gbé e ró. Síìlì rẹ̀, rọ́bà tó ń dá óìlì dúró, wà nínú lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ dìfúrẹ́ńṣà, gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì. Bí eyín ṣáfúùtì bá wọ́ lé e lórí, yóò ya, ẹni tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ yóò tú dìfúrẹ́ńṣà jáde.

Inú etí ṣáfúùtì, ìyẹn orí oníhò tí ife ń wọ̀, ni lọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń di ife mú wà. Ẹ yọ gbogbo wọn kí ẹ tó fún fáìsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí yóò là. Ife náà fẹ̀ tó nǹkan bí 30 mm: sókẹ́ẹ̀tì tó kéré sí i ni mo fi tì í, sókẹ́ẹ̀tì 36 mm yẹn kan náà ló gbà á lódìkejì. Bí ife tuntun bá ń fi ọwọ́ lásán wọ ihò etí, ihò ti jẹ nìyẹn, ṣáfúùtì ni kí ẹ rà.

Nígbà tí mo ń fi tuntun sí i, mo gbé ife dúró ṣánṣán kí abẹ́rẹ́ má baà ṣubú. Bí ẹyọ kan bá dùbúlẹ̀ sí ìdí ife, lọ́ọ̀kì kò ní wọ ojú ihò rẹ̀, ẹni tó bá sì ń fi òòlù lù ú títí yóò fọ́ ife náà ni. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un tò. Nígbà tí lọ́ọ̀kì wọlé tán, mo rọra lu etí ṣáfúùtì díẹ̀ kí kírọ́ọ̀sì lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí fàlàlà síbi gbogbo.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ ihò họ́ọ̀bù dán, mo fi gírísì pa á, kí ẹni tí yóò tú u lọ́jọ́ mìíràn má baà jìyà. Bóòtù mẹ́ta náà gba 102 Nm. Nọ́ọ̀tì ṣáfúùtì gba 237 Nm, mo sì fún un nígbà tí táyà ti padà kanlẹ̀. Òun ló ń di bẹ́árì inú họ́ọ̀bù pọ̀, ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ihò pín-ìn-nì kò bá ṣe déédéé, iwájú ni kí ẹ fún un sí, ẹ má tú u padà. Gíà óìlì 80W-90 ni mo fi dí èyí tó jò nígbà tí ṣáfúùtì wà níta.