Iyùn tó ń jẹun lóru: bí a ṣe ń dá a mọ̀, àti bí a ṣe ń sìn ín nílé

Ẹranko inú òkun ni iyùn kó tó di ìlẹ̀kẹ̀. Lára àwọn iyùn abẹ̀mí tí àwọn tó ń ta ẹja òkun fún sísìn ń tà ní Èkó, ọ̀kan wà tó máa ń ká jọ sórí òkúta lọ́sàn-án, tí èèyàn á rò pé ó ti kú. Àwọ̀ ọsàn ni. Tubastraea lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Sun coral ni àwọn òǹtajà ń pè é. Púpọ̀ nínú wọn á sọ fún yín pé kò ṣe é sìn. Èrò tèmi yàtọ̀: bí èèyàn bá máa sin iyùn kan ní Òṣogbo níbí, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ iyùn ló ní àwọn ẹ̀dá tíntìntín nínú ẹran ara wọn, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún wọn. Àwọn tó ń sin irú wọn gbọ́dọ̀ tan iná tó lágbára fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́. Ta ló fẹ́ san owó iná yẹn? Àti pé iná ọ̀hún gan-an, ṣé ó dúró ni? Tubastraea kò ní irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lára. Ẹnu ló fi ń jẹun. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀, kò ní kú torí òkùnkùn. Ebi ló ń pa á.

Ẹ dá a mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Egungun líle ni ìdí rẹ̀, bíi ti iyùn pupa tí àwọn ọba ń fi sọ́rùn. Òpó kéékèèké ló dúró ti ara wọn, ẹnu òpó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ẹran ara aláwọ̀ ọsàn tàbí pupa sì bo gbogbo rẹ̀. Òpó kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀ àti ikùn tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á yọ ọwọ́ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè jáde. Tubastraea coccinea ló wọ́pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí èyí tó yọ ẹ̀ka bí igi, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣú, Tubastraea micranthus nìyẹn. Wàhálà oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Àwọn méjì kan wà tí wọ́n lè tà fún yín dípò rẹ̀. Turbinaria tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu rẹ̀ kéékèèké fọ́n káàkiri ojú rẹ̀, ó sì nílò ìmọ́lẹ̀. Èkejì ni zoanthid, tó rọ̀ látòkèdélẹ̀, tí kò ní egungun kankan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lórí eléyìí o: àwọn kan lára wọn ní májèlé palytoxin, tó lè dá èèyàn dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, ẹ má sì se òkúta tó wà lórí rẹ̀ nínú omi gbígbóná láé, torí èéfín rẹ̀ gan-an léwu.

Bó bá dá yín lójú pé òun ni, ẹ ní kí wọ́n yí i fún yín, kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ìgbín òkun kékeré kan wà, Epitonium billeeanum, tí kò mọ oúnjẹ míì ju iyùn yìí àtàwọn ìbátan rẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, kì í tètè hàn sójú. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré ṣa ìgbín náà, kẹ́ ẹ ha ẹyin rẹ̀ kúrò. Bí egungun funfun bá ti ń hàn láàárín ẹnu méjì, ó ti pẹ́ tó ti ń febi. Ó ṣì lè bọ̀ sípò, àmọ́ ẹ fìyẹn dúnàá-dúrà.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè ìwé. Gbogbo iyùn eléegun irú èyí ló wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko ìgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, kò sì yẹ kó gba ẹnubodè kọjá láìsí ìwé àṣẹ.

Omi, ooru àti iná

Táǹkì, ìyẹn àpótí gíláàsì olómi tí a ń sìn ín sí, gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí iyùn tó wọ inú rẹ̀, kí amóníà àti nitrite, májèlé tí ìdọ̀tí ń mú wá sínú omi, sì ti di 0. Omi Ọ̀ṣun kò wúlò fún un, torí kò níyọ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan. Iyọ̀ ọbẹ̀ náà kò ṣe é lò. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún táǹkì iyùn lẹ máa rà, èyí tó ní kálísíọ̀mù àti magnesium nínú. Omi tẹ́ ẹ máa pò ó mọ́ ló ṣòro díẹ̀. Omi ẹ̀rọ a máa ní kílóríìnì, omi kànga a sì máa ní mínírà tí a kò fẹ́. Omi inú ọ̀rá dáa bó bá jẹ́ pé reverse osmosis (ẹ̀rọ tó ń ti omi gba inú asẹ́ tó ń dá nǹkan tó yòrò dúró) ni wọ́n fi sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ti mítà TDS, tó ń wọn nǹkan tó ti yòrò sínú omi, bọ̀ ọ́; kó sún mọ́ 0. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá po iyọ̀ mọ́ ọn, kí refractometer, ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, fi 1.025 hàn, kí kálísíọ̀mù wà láàárín 400 sí 450 nínú lítà kan, ní mílígíráàmù.

Ooru omi kó wà ní dígírì 24 sí 26. Nínú oṣù kejì àti ìkẹta, ooru ìlú yìí á fẹ́ gbé e kọjá ibẹ̀. Ẹ gbé fáànù kékeré tó máa fẹ́ sójú omi gan-an, kẹ́ ẹ ṣí ìdérí. Omi á máa fà, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Omi tí kò níyọ̀ lẹ ó fi dí i, torí omi nìkan ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, afẹ́fẹ́ inú omi ló kọ́kọ́ ń tán. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì kò gbọdọ̀ wọ́n nílé.

Láti Èkó wá síbí, inú kúlà ni kí ọ̀rá rẹ̀ wà. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó nínú táǹkì fún ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ wá máa kán omi táǹkì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ òkúta tó ní òjìji, tí omi ti ń ṣàn dáadáa, ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Bí a ṣe ń fún un lóúnjẹ

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Oúnjẹ tó dáa jù ni mysis oníyìnyín, ẹ̀dá omi kékeré tó jọ edé. Bí kò bá sí, ẹ ra edé tútù lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja yìnyín, kẹ́ ẹ bó o, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì. Edé gbígbẹ tí a fi ń sebẹ̀ kò dáa, torí èéfín àti iyọ̀ tó wà lára rẹ̀.

Ẹ mú àsìkò kan, bí àpẹẹrẹ lẹ́yìn ìrun iṣáì, kẹ́ ẹ má sì yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ fún omi edé díẹ̀ sínú táǹkì. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, ẹnu wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á máa dán, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ìyeyè á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ pa pọ́ǹpù. Ẹ ti gé ìdí ike omi kan sọnù tẹ́lẹ̀. Ẹ fi bo iyùn náà, kí ẹja má bàa jí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ wá gba ọrùn ike kọjá pẹ̀lú sírínjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi oúnjẹ sí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fún un tipátipá. Ọwọ́ wọn á rọ̀ mọ́ ọn, á ká wọlé, ẹ ó sì rí i tí ẹnu náà á là tí yóò gbé e mì. Àwọn ọmọ ilé máa ń fẹ́ràn àtiwo ibẹ̀ yẹn.

Bí wọ́n bá ti mì ín tán, ẹ yọ ike, ẹ fa ìyókù oúnjẹ jáde, ẹ tan pọ́ǹpù padà. Ẹ má gbàgbé pọ́ǹpù! Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó fún ẹnu kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè kọ̀ láti lanu fún ọjọ́ mélòó kan. Omi edé yẹn lẹ ó máa fún un ní wákàtí kan náà títí tó fi máa mọ àsìkò. Tó bá yá, á máa là kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó máa ń rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kó má rà á.

Oúnjẹ tó pọ̀ yìí á ba omi jẹ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹnu kéékèèké tuntun bá ń yọ nídìí àwọn àgbà, ó ń gbádùn nìyẹn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ sìn ín mọ́, kó gbé e fún ẹlòmíì tó ní táǹkì, tàbí kó dá a padà fún ẹni tó tà á. Kò gbọdọ̀ dé ọ̀sà tàbí òkun. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé coccinea. Ní 1943 wọ́n rí i ní Puerto Rico àti Curaçao, ó sì ti dé Brazil báyìí, níbi tó ti ń gba ibùgbé mọ́ àwọn iyùn onílé lọ́wọ́. Omi táǹkì tẹ́ ẹ bá pààrọ̀, inú ṣalángá ni kẹ́ ẹ dà á sí.