Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Tí Yìnyín Jókòó Sílẹ̀ ní Finland

Yìnyín tó kọ́kọ́ bọ́ kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìgbà yìnyín. Ní gúúsù Finland, ó lè bọ́ ní oṣù kẹwàá, kó sì yọ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tí à ń wá ni èyí tó bo ilẹ̀ tó sì dúró. Ní àríwá Lapland, agbègbè tó wà lókè pátápátá ní Finland, ó sábà máa ń jókòó ní ìparí oṣù kẹwàá. Ní àárín orílẹ̀-èdè, ó di oṣù kọkànlá. Ní etíkun gúúsù, ó lè di àsìkò Kérésì tàbí oṣù kìíní. Òkun Baltic ló fà á: ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà nínú omi rẹ̀, atẹ́gùn tó bá gba orí rẹ̀ kọjá kì í tètè tutù.

Kí ilẹ̀ tó dì ni kẹ́ ẹ ti ri igi ìwọ̀n, èyí tí a fi ń wọn bí yìnyín ṣe ga tó, mọ́lẹ̀, nítorí ilẹ̀ tó ti dì kò ṣeé gún. Ibi gbalasa ni kó wà, kó jìnnà sí ilé àti igi. Ẹ gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Koríko gíga máa ń gbé yìnyín dúró lókè, ìwọ̀n á sì parọ́. Ẹ kun igi náà ní funfun. Èyí tó bá dúdú máa ń gba oòrùn, á yọ́ yìnyín ìdí ara rẹ̀ di kòtò. Bí kòtò bá wà síbẹ̀, ibi tí yìnyín àyíká ga dé ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe inú kòtò.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kà á lójoojúmọ́. Ẹ dúró lókèèrè, kẹ́ ẹ má tẹ yìnyín ibẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín á fi ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ iye sẹ̀ntímítà. Bí yìnyín kò bá bo ju ìdajì ilẹ̀ lọ, òdo ni kẹ́ ẹ kọ.

Nígbà tí ìrúwé bá dé, ẹ wo ìwé yín, kẹ́ ẹ wá ọ̀wọ́ ọjọ́ tó gùn jù tí yìnyín kò fi já rárá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ìdáhùn. Bó bá wà láti ọjọ́ 5 sí 9 oṣù kọkànlá, tó yọ́, tó tún jókòó láti ọjọ́ 24 oṣù náà títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹta, ọjọ́ 24 ni ẹ ó mú. Etíkun gúúsù ló ń dani láàmú: ọjọ́ kan péré tó móoru ní oṣù kìíní lè gé ọ̀wọ́ náà sí méjì. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Èyí tó gùn jù nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú.

Ti táyà ọkọ̀ ò lè dúró de ìṣirò yìí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kẹta, bí ojú ọjọ́ tàbí ojú ọ̀nà bá ti béèrè fún un, táyà ìgbà òtútù ni òfin Finland fẹ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí ìlà ara rẹ̀ sì jìn tó mílímítà 3, ó kéré tán.