Ẹ Kọ́kọ́ Yà Wo Ẹni Tó Ń Dá Gbé: Iṣẹ́ Aládùúgbò Lẹ́yìn Omíyalé

Nígbà tí omi fà ládùúgbò wa, ilé ìyá àgbà kan tó ń dá gbé ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Irú wọn ni kí ẹ̀yin náà kọ́kọ́ yà wò.

Ẹ má fọwọ́ kan iná mànàmáná bí ẹsẹ̀ yín bá wà nínú omi.

Kí ẹ tó da ohunkóhun nù, ẹ bi onílé, kí ẹ sì ya fọ́tò ohun náà. Èmi kò bi ìyá yẹn. Àwòrán ọkọ wọn tó ti kú wà nínú àpótí tí mo gbé jù sórí ààtàn. Ẹkún tí wọ́n sun ṣì ń dùn mí.

Ohun tó rin gbingbin lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu láàárín wákàtí 24 sí 48, nítorí náà ẹ tètè ṣí fèrèsé. Ìta ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, jìnnà sílé: èéfín rẹ̀ ń pani.