Ṣòkòtò eré ìdárayá fún ọ̀rọ̀bọ̀: bí mo ṣe ń gé e tí kì í ká wálẹ̀

Ojú tì mí gan-an lórí ṣòkòtò eré ìdárayá àkọ́kọ́ tí mo rán fún ọ̀rọ̀bọ̀. Tíṣà ni oníbàárà mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sáré láràárọ̀ Sátidé ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Òkè-Àdó, èyí tí àwa ará Ìbàdàn ṣì ń pè ní Liberty, ó sì ti tú òkìríkà títí láìrí ìwọ̀n rẹ̀. Mo mú pátánì tí mo fi ń gé lẹ́gíǹsì àwọn lẹ́pa, mo fẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rán an. Lórí ìdúró, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀: ẹ̀yìn ṣòkòtò já wálẹ̀, iwájú ká bí ẹní. Ìró ló ró lé e lọ sílé.

Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ara rẹ̀. Ẹran kì í pọ̀ sí i lára bákan náà yíká. Ọrùn ọwọ́ lè wà bó ṣe wà, kí itan ti fẹ̀ kọjá ohun tí ẹ rò. Ikùn ni ti ẹlòmíì ń gbé sí, ìdí ni ti ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi ìdúró gbọnrangandan ṣeré ìdárayá. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wọn oníbàárà: lórí ìdúró, àti lórí ìjókòó. Ìdí tíṣà jẹ́ 52 íǹṣì nígbà tó dúró. Nígbà tó jókòó, ó di 55.

Ibi tí ọ̀pọ̀ télọ̀ kì í wọ̀n ni ibi tó ń dà wá láàmú jù: láti ìbàdí iwájú, gba àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, dé ìbàdí ẹ̀yìn. Mo máa ń kó téèpù lé oníbàárà lọ́wọ́ kó fi gba abẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀. Kí a tó wọ̀n ọ́n, mo máa ń so okùn rọ́bà mọ́ ọn níkùn, màá ní kó lóṣòó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibi tí okùn bá sá lọ dúró sí ni ìbàdí rẹ̀ gan-an, ibi yòówù kí òun rò pé ó wà. Ti tíṣà jẹ́ 36 íǹṣì: 16 níwájú, 20 lẹ́yìn. Pátánì tí mo fi gé ti àkọ́kọ́, 13 níwájú àti 15 lẹ́yìn ló ní. Ẹ ò rí i pé kò sí bí ẹ̀yìn ò ṣe ní já wálẹ̀? Mo fẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò fi kún gíga rẹ̀.

Aṣọ ńkọ́? Tí ẹ bá dé ọjà Gbági, ẹ ní kí wọ́n gbé aṣọ tó ń nà wá, polyester tàbí nylon tó ní spandex (òwú tó ń nà bíi rọ́bà) bíi 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Òwú lásán máa ń mu òógùn, á sì wúwo. Ẹ ṣẹ́ aṣọ náà po, ẹ di 4 íǹṣì mú, ẹ fà á. Ó yẹ kó dé 6, ní òró àti ní ìbú. Ẹ wá tú u sílẹ̀: tí kò bá padà sí 4, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, nítorí orúnkún rẹ̀ á yọ ṣókí láìpẹ́. Ẹ tún nà án lé àtẹ́lẹwọ́ yín nínú oòrùn. Bí ẹ bá ń rí ìlà ọwọ́ yín, pátá oníbàárà náà làwọn èèyàn á máa rí.

Aṣọ tó bá nà láti 4 dé 6, mo máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dín ìdí kù: 52 á di 47. Mi ò kì í dín 36 abẹ́ yẹn kù rárá, mo sì ń ṣọ́ra níbi ikùn. Àwọn télọ̀ kan gbà pé bó bá ṣe fún tó ló ṣe ń mú ara dúró tó. Irọ́ ni. Ẹran tí ẹ bá fún mọ́lẹ̀ níbì kan, ibòmíì ló máa gbà yọ.

Lábẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú rírán mẹ́rin pàdé lójú kan. Ibẹ̀ ló ń ya, ibẹ̀ náà ló ń ha èèyàn. Mo máa ń gé aṣọ kékeré onígun mẹ́rin, tó gùn ní 7 íǹṣì tó sì fẹ̀ ní 4 láàárín, fi sí i. Tó bá jẹ́ ṣòkòtò péńpé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó 9 íǹṣì láti abẹ́. Èyí tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ á sá lọ sókè, itan á máa ha ara wọn títí á fi bó.

Báǹdì ìbàdí wá ni olórí ọ̀ràn. Rọ́bà tín-ín-rín máa ń wọ inú ikùn, á sì ká. Ẹ gé báǹdì tó fẹ̀ ní 5 íǹṣì, kó jẹ́ ìlọ́po méjì, kó kọjá ikùn lọ sókè. Kó má ṣe dúró lé e lórí. Ẹ dín òkè rẹ̀ kù ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí ara máa ń tín bó ṣe ń lọ sókè. Rọ́bà 1 íǹṣì ni mo ń fi sí òkè pátápátá, mo sì ń fi íǹṣì méjì dín in kù sí ìwọ̀n ìbàdí.

Butterfly ni ẹ̀rọ mi, ojú kan gbọọrọ ló ń rán. Rírán bẹ́ẹ̀ á já pẹ́ẹ́ bí oníbàárà bá lóṣòó. Ẹ gbé e lọ fún oní-wífìn, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ká etí aṣọ, tàbí kí ẹ lo síígísáàgì, rírán tó ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, bí ẹ̀rọ yín bá ní i. Abẹ́rẹ́ tí imú rẹ̀ rí róbótó ni kí ẹ fi rán an. Èyí tó mú máa ń já òwú aṣọ, ihò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ẹ̀wù òkè kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn apá lókè níbi tó ti tóbi jù, kí ẹ sì jẹ́ kí iwájú fi bí íǹṣì méjì gùn ju ẹ̀yìn lọ fún ọlọ́mú ńlá, kó má baà gbé sókè níwájú. Kọ́mú ni mi ò kì í rán. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ ra èyí tó dára. Àmọ́ ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé pátá tí àwọn ọkùnrin eléré fi ń mú nǹkan ọmọkùnrin wọn dúró ni Lisa Lindahl, obìnrin kan tó máa ń sáré, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rán méjì pọ̀ ní Vermont, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1977, tó di kọ́mú eré sísá.

Kí oníbàárà tó gbé aṣọ lọ, kó lóṣòó, kó gun àtẹ̀gùn, kó sì kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń kí ìyá ọkọ, kó dìde láìfi ọwọ́ fa ṣòkòtò sókè. Bó bá fà á, ẹ tú báǹdì. Ẹ sọ fún un kó má fi omi gbígbóná tàbí Hypo fọ̀ ọ́, kó má sì lọ̀ ọ́.

Èyí tí mo rán fún tíṣà lẹ́ẹ̀kejì dúró. Ọ̀sẹ̀ kejì ló gbé e padà wá, àyà mi já. Àpò fóònù ló ń wá. Mo gé 4 íǹṣì lórí 7 sí ẹ̀gbẹ́ itan, mo fún ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí fóònù má baà fò jáde.