Bí ẹrù mi ṣe yé dàrú nínú báàgì
Ìrìn àjò ọjọ́ 10, ìlú 5: ní gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tí a bá dé, mo máa ń tú báàgì palẹ̀ kí n tó rí ìbọ̀sẹ̀. Mo ká aṣọ róbótó, ó tún dàrú. Mo lo ọ̀rá, ó ya. Mo ra àwọn àpò kéékèèké onísíìpù, mo kó ṣòkòtò sọ́tọ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀. Síbẹ̀ gbogbo wọn ni mò ń ṣí lálaalẹ́.

Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé mo pín ẹrù náà ní ìlú-ìlú: gbogbo aṣọ ọjọ́ 2 tí mo máa lò ní ìlú kan, tòun ti àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀, nínú àpò kan. Àpò kan péré ni mò ń yọ báyìí! Èyí tó bá dọ̀tí á padà sínú àpò tirẹ̀. Kò dín ìwúwo ẹrù kù o, ó sì lè má wúlò fẹ́ni tó máa dúró sójú kan.